Ìyá Ọmọ Ló Ń Parí Oògùn

Màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn mú débi pé ajá pàápàá ò jáde. Ó di ìgò amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, mọ́ etí ìró bí ẹni di owó èésú. "Òkun o," ló wí, bí a ṣe ń kí ara wa lápá ibẹ̀. Mo ní, "Òkun, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ dé?" Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí káńtà, ó ní, "Dókítà, oògùn tí o tà fún ìyàwó ọmọ mi ò ṣiṣẹ́. Ikọ́ ọmọ ò lọ." (Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti oògùn ni dókítà lọ́dọ̀ wa. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Apòògùn ni mí.)

Mo gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́búlẹ́bú ni oògùn yìí nígbà tí a bá rà á, ìlà kan sì wà lára ìgò tí omi ò gbọdọ̀ kọjá. Ti Màmá ti kọjá ìlà, ó ti gun ọrùn ìgò, ìfòfó rẹ̀ ń kan ìdérí. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife sóbò.

"Màmá, ta ló po èyí?"

"Èmi náà ni. Àwọn méjì ló ń wúkọ́, ìgò kan ni ìyá wọn rà. Mo bu omi lé e kó lè kárí."

Inú fẹ́ bí mi, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí gbogbo abiyamọ ń ṣe sí ọbẹ̀ bí àlejò bá já lu ilé lójijì ló ṣe.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ìgò mílílítà 100 ni, ó sì yẹ kí mílígíráàmù 125 wà nínú ṣíbí mílílítà 5 kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oògùn inú ìgò wá jẹ́ 2,500. Bí omi bá di 130, ṣíbí kan ò ní ju 96 lọ. Ẹnu méjì tún ń mu ohun tí a ṣe fún ẹnu kan, ìgò á gbẹ kí ọjọ́ tó pé. Kòkòrò inú àyà ọmọ ò ní kú, á kàn mọ ojú oògùn náà dáadáa ni.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ọ̀tà, ní ẹ̀ka tí a ti ń dán oògùn olómi ọmọdé wò nínú ife kéékèèké kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ńlá. Gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, mo gbà pé àwa la ń ṣe oògùn. Ìgbà tí mo kó wálé tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo tó mọ̀ pé a kàn ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ ló ń parí ẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí ilé rẹ̀ àti omi kànga rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti mú iná lọ láti àná. Ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Oògùn olómi ọmọdé kì í rọrùn láti po. Ẹ jẹ́ ká fi paracetamol bẹ̀rẹ̀, torí mi ò tíì wọ ilé ọlọ́mọ kan ní Kàbbà tí ìgò rẹ̀ ò sí lórí fèrèsé tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara ìgò á sọ fún yín pé mílígíráàmù 120 wà nínú mílílítà 5. Ìyẹn ni 24 nínú mílílítà kan. Omi lásán tí kò gbóná ò lè gbà ju bíi 14 lọ. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó da ṣúgà rẹpẹtẹ sínú gàrí olómi tútù rí? Á rò ó, á rò ó, á mu gàrí tán, ṣúgà á ṣì jókòó sí ìsàlẹ̀ ife. Bí paracetamol ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ẹnìkan lè ní ẹ dín oògùn kù nígbà náà, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ṣíbí méjì. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì fún ọmọ ọdún méjì tí ara rẹ̀ ń gbóná lóògùn rí. Ṣíbí kejì, àyà rẹ ló máa tu ú sí.

Nítorí náà, a ní láti wá omi mìíràn tó máa bá omi gbé ẹrù náà. Glycerin wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi pa ara nígbà ọyẹ́. Propylene glycol náà wà. Wọ́n nípọn díẹ̀, wọ́n ń fà, wọ́n dùn lẹ́nu, paracetamol sì ń yọ́ nínú wọn dáadáa.

Ihò tí ikú gbà wọlé nìyẹn. Ohun kan wà tó ń jẹ́ diethylene glycol, ó jọ wọ́n bí imú ṣe jọ imú: kò láwọ̀, ó ń fà, ó dùn lẹ́nu, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe omi bíréèkì ọkọ̀. Bó bá dé inú ọmọ, kíndìnrín ló ń bàjẹ́. Àmì kan tí ìyá máa ń rí ni pé ìtẹ̀dí ọmọ gbẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ní 1937, ilé iṣẹ́ Massengill ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ sulfanilamide, oògùn apakòkòrò kan, di olómi, torí àwọn ènìyàn ń béèrè fún olómi. Oògùn náà kọ̀, kò yọ́. Apòògùn wọn wá rí i pé ó ń yọ́ nínú diethylene glycol, ó fi adùn èso sí i, ó fi àwọ̀ sí i. Wọ́n dán an wò kí ó tó jáde o! Wọ́n wò ó bóyá ó dùn, bóyá ó ń ta sánsán, bóyá ó wuni lójú. Wọn ò wò ó bóyá ó ń pa ènìyàn, òfin ò sì ní kí wọ́n wò ó. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí ìjọba fẹ́ gba ìgò tó kù kúrò lọ́jà, ẹ̀sùn tí wọ́n rí kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọ́n pe oògùn náà ní "elixir" nígbà tí kò sí ọtí nínú rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi mú wọn! Ọdún tó tẹ̀lé e, 1938, ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí oògùn tó dé ọjà, ẹ fi hàn wá pé kì í pani.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti parí ní 1938. Ní 1990, paracetamol olómi pa àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn àti ní Jos. Diethylene glycol náà ni, wọ́n fi rọ́pò propylene glycol. Ọdún 1993 ni òfin tó dá NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti oúnjẹ, sílẹ̀ jáde. Ní 2008, oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin tún dé pẹ̀lú àṣìṣe kan náà: wọ́n ra kẹ́míkà lọ́wọ́ ẹni tí kò láṣẹ láti tà á, orúkọ propylene glycol ló wà lára rẹ̀. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Níbẹ̀rẹ̀ 2009, olùkọ́ wa kan wọ kíláàsì, ó kọ 84 sára pátákó, ó sì jókòó. Kò kọ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. Iye ọmọ tó kú nìyẹn. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ bí 70 ní Gáńbíà, àti àwọn tó lé ní 200 ní Indonéṣíà. Ohun kan náà ni, tàbí ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ ethylene glycol.

(Ọ̀rọ̀ eyín ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Eyín ń yọ, ọmọ ń ṣu, ọmọ ń gbóná, a ní eyín ni. Ibà lè wà níbẹ̀, omi ìdọ̀tí lè wà níbẹ̀. Mi ò ta oògùn eyín ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn kan sì ti torí ẹ̀ bá mi jà.)

Lọ́dún kejì mi lápá Ọ̀tà, dọ́rọ́ọ̀mù glycerin kan dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìwé rẹ̀ pé, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ wa ti dúró láti ọjọ́ Ẹtì nítorí rẹ̀. Èmi ni mo lọ bá ìyá àgbà kan tó wà ní láàbù, mo ní Mà, ẹ jẹ́ ká máa lò ó, èsì àyẹ̀wò á bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí à ń wá nínú àyẹ̀wò yẹn ò pọ̀: diethylene glycol ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú 1,000 lọ. Màmá yẹn bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó wò mí láti orí délẹ̀. Ó ní, "Ìwé kọ́ lọmọ máa mu." Ọjọ́ méjì la fi dúró. Dọ́rọ́ọ̀mù náà mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Títí dòní, ojú ṣì ń tì mí.

Ti kíkorò wá ńkọ́? Àwọn tó bá dàgbà lásìkò chloroquine mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnìkan á di ọwọ́ mú, ẹnìkan á di ẹsẹ̀ mú, ìyá àgbà á di imú, wọ́n á rọ ọ́ bí ẹni rọ ọmọ lágbo. (Ẹ má di imú ọmọ o. Ọ̀nà ọ̀fun àti ọ̀nà èémí ò jìnnà síra.) Ní ilé iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo ń tọ́ oògùn wò lórí ahọ́n, díẹ̀ báyìí, mo sì ń tu ú. Ti metronidazole, èyí tí a mọ̀ sí Flagyl, ni mi ò gbàgbé. Ewúro dára jù ú lọ, ewúro ṣì máa ń padà dùn lọ́nà ọ̀fun. Ti èyí ń wọnú eyín ni, ó wà lẹ́nu mi títí mo fi dé ilé, ó ba adùn iyán alẹ́ mi jẹ́.

Ọgbọ́n tí àwọn apòògùn ta sí i nìyí: wọ́n so metronidazole pọ̀ mọ́ benzoate, kò lè yọ́ nínú omi mọ́. Ohun tí kò bá yọ́, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò. Ó di inú kó tó di oògùn padà. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, bíi kí ènìyàn kó ẹrù gba ẹ̀yìn oníbodè kọjá.

Àmọ́ ohun tí kò yọ́ á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí ti mọ gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọdún kan kọ́ wa lórí èyí. Ògì tí a lọ̀ kúnná máa ń pẹ́ kó tó sílẹ̀. Èyí tí kò kúnná á sáré wálẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dì, a ó máa fi ọwọ́ họ ọ́. Nínú oògùn, a máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, a ó fi nǹkan fífà díẹ̀ sí i kó lè gbé e ró. Ṣùgbọ́n bó bá kúnná jù láìsí ohun tó ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀, á rọra tò sísàlẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á sì dì. Èyí tó dára ni èyí tó ń sílẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ bíi òwú, tí gbígbọ̀n ẹ̀ẹ̀mẹta péré á ti gbé e dìde.

Mo po ọ̀kan tí inú mi dùn sí gan-an. Ó funfun, ó ń dán, ó ń ta sánsán ọ̀gẹ̀dẹ̀. A fi ìgò mẹ́wàá sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná wa, níbi tí a ti ń tọ́jú oògùn sí ìwọ̀n 40 fún oṣù mẹ́fà ká lè mọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì lórí pẹpẹ. (Lọ́kọ́ja nínú oṣù kẹta, gbogbo ìlú ni kọ́bọ́ọ̀dù.) Lóṣù kẹta mo gbọn ìgò kan, omi ń lọ sókè sódò, ìsàlẹ̀ ò mira. Mo fi ọ̀pá gíláàsì gún un, ọ̀pá dá. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé ìwọ ọmọ Kogí, ṣé ilé yín lo rò pé o wà tí o fi ń po sìmẹ́ńtì?" Wọ́n pè mí ní Ọbàjánà, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Kogí, títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé bí ìyá ò bá gbọn ìgò. Omi ni ọmọ á máa mu lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì. Ìparí ìgò, nígbà tí ara ọmọ ti ń mókun, ni á wá mu èyí tó ki jù. Ọ̀rọ̀ méjì péré la kọ sára ìgò nípa rẹ̀, lédè òyìnbó, pẹ̀lú lẹ́tà tí kòkòrò ò lè kà.

Ti ṣúgà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Sírọ́ọ̀pù àtijọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣúgà. Kì í ṣe adùn nìkan ló ń bá wa ṣe. Oyin kì í bàjẹ́, emu ń bàjẹ́, ẹ bi ara yín léèrè ìdí. Ṣúgà inú oyin pọ̀ débi pé ó ń fa omi kúrò lára kòkòrò, ti inú emu ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí wọ́n ní ká dín ṣúgà kù nítorí eyín ọmọ, a ní láti fi ohun mìíràn lé kòkòrò. Ohun mìíràn yẹn lè má ṣe àgbà ní nǹkan kan, kí ẹ̀dọ̀ ọmọ ìkókó má sì mọ ohun tó máa fi í ṣe. Bí a ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń là. Bí a bá tún jẹ́ kó dùn jù, ọmọ á fi jalè. Ọmọ àbúrò mi mu ìlàjì ìgò fítámì nídìí àpótí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń mu Fáńtà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni ṣíbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí àwọn ìyá tó ń bọ̀ mú ṣíbí tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóògùn wá, mo ń fi síríǹjì wọn omi sínú rẹ̀. Ọ̀kan gba mílílítà 3, ọ̀kan gba bíi 8. Ṣíbí oògùn ni àwọn méjèèjì ń pè é. Ọmọ ilé kan ń mu ju ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ ilé kejì ń mu lọ, ìgò kan náà ni wọ́n sì rà.

Èmi tó ń sọ yìí, ó kù díẹ̀ kí n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Mọ̀pà lóru, ó ní ọmọ ń gbóná, òun rí paracetamol nílé, ṣé ṣíbí kan? Oorun wà lójú mi. "Ṣíbí kan" ti wà lẹ́nu mi. Kò yé mi ohun tó mú mi bi í pé báwo ni ìgò náà ṣe tóbi tó. Ó ní, "Kékeré báyìí, Bọ̀dá mi, ó ní rọ́bà tí wọ́n fi ń fà á." Mo dìde jókòó. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ìkókó lẹ́nu ni. Irú rẹ̀ tí mo mọ̀ ní 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ṣíbí kan nínú rẹ̀ jẹ́ 500, wóró àgbàlagbà kan gbáko, fún ọmọ oṣù mẹ́jọ. Orúkọ kan náà, àwọ̀ páálí kan náà, àwòrán ọmọ kan náà tó ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí gbogbo èyí, mo ti di ẹlẹ́kọ̀ọ́ wóró. Àwọn wóró kan wà tí a ṣe fún ọmọdé, bí a bá fi sínú omi díẹ̀ nínú ṣíbí, á tú ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti ibà, artemether àti lumefantrine tó ń ta sánsán èso, ti wà láti 2009. Zinc mílígíráàmù 20 tí a ń fún ọmọ tó ń ṣu pẹ̀lú omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) wà níbẹ̀. Amoxicillin náà wà. Kò sí omi nínú rẹ̀ títí di ìgbà tí ọmọ fẹ́ mu ún. Kò nílò glycerin, kò nílò fíríìjì, ìgò kì í fọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Búnú. Ẹnikẹ́ni ò sì lè bu omi lé e kárí ọmọ méjì, wóró ni, ó níye.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tà á. Màmá á gbé e yẹ̀ wò, á ní, "Wóró? Ọmọ ọwọ́ mà ni." Ìgò ló mọ̀ sí oògùn ọmọ, ìgò tó ní àwọ̀ tó sì ń dùn. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Màmá ti oṣù kẹta yẹn náà kọ wóró. Mo da ìyókù inú ìgò tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ nù. Mo gbé tuntun méjì, mo po wọ́n lójú rẹ̀ pẹ̀lú omi tí mo ti sè tó ti tutù. Mo gbọn lẹ́búlẹ́bú kó tú kúrò nísàlẹ̀, mo bu omi dé ìdajì, mo gbọn ọ́n, mo dúró kí ìfòfó lọ, mo wá bù ú dé ìlà. Mo fi báírò fa ìlà mìíràn sí i kó hàn dáadáa. Mo mú síríǹjì kan tí kò ní abẹ́rẹ́, mo we sẹ́lótéèpù mọ́ ibi 5. Mo ní, "Màmá, ẹ fà á débí, ẹ rọra tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méje, ẹ da ìyókù nù." Ó ní owó ìgò kan ló wà lọ́wọ́ òun, òun á mú ìyókù wá bí àwọn oníkàṣú bá ti sanwó.

Ó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú owó pípé àti kàṣú tútù nínú ọ̀rá. Ikọ́ ti lọ. Ó tú etí ìró, ó yọ síríǹjì mi jáde. Inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí egbò igi.

"Màmá, kí lẹ fi èyí ṣe?"

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àbúrò wọn ni. Mò ń wọ̀n ọ́n." Ó fi ìka kan sẹ́lótéèpù náà. "Márùn-ún, bí o ṣe ní kí n fà á."

Mo wò ó, mo wo síríǹjì. Mo ní kí ó dín in kù, kí ó tilẹ̀ fi í sílẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, bí ẹni tí kò gbọ́. Mo mú síríǹjì tuntun kan nínú páálí, mo so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn.

"Eléyìí ni ti oògùn. Ẹ má dà wọ́n pọ̀."

Ó dì í mọ́ etí ìró kejì, ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.